Ohun tí Ògúnná Sọ nípa Iná tó ti Kú

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú yín kọ̀wé sí mi pé kí ni kí òun máa pe ohun tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń pè ní afterglow bí òun bá ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ. Mo ní kó pè é ní ògúnná. Kí n tó mọ̀, mo ti wọnú ìtàn tó gba oṣù kan gbáko lọ́wọ́ mi. A máa ń sọ pé bí iná bá kú, á fi eérú bojú. Iná tí mo fẹ́ sọ yìí, eérú gan-an kò tilẹ̀ sí nídìí rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún.

Ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 1967 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, kò sì kọ́kọ́ jẹ mọ́ ìràwọ̀ rárá. Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Sófíẹ̀tì ti tọwọ́ bọ̀wé lọ́dún 1963 pé àwọn kò ní dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò mọ́ nínú afẹ́fẹ́, lábẹ́ omi tàbí ní gbalasa òfuurufú. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gba ẹnì kejì gbọ́? Amẹ́ríkà rán àwọn sátẹ́láìtì kan sókè tí wọ́n ń jẹ́ Vela, kí wọ́n máa ṣọ́ ìtànṣán gámà tí irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ máa ń tú jáde. Ìmọ́lẹ̀ náà ni ìtànṣán gámà, àmọ́ ojú kò lè rí i, agbára rẹ̀ sì ju ti ìtànṣán X tí wọ́n fi ń ya fọ́tò egungun wa ní ọsibítù lọ. Lọ́jọ́ tí mo wí yìí, Vela rí ìtànṣán gámà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jọ ti bọ́ǹbù. Ray Klebesadel, Ian Strong àti Roy Olson ní Los Alamos fara balẹ̀ kó irú rẹ̀ 16 jọ láàárín 1969 sí 1972. Wọ́n ṣírò pé kò ti ilé ayé wá, kò sì ti ara oòrùn wá. Ọdún 1973 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Fún ọdún 24 lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀rí sọ ibi tí iná yìí ti ń jó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í pẹ́. Yóò kọ yẹ̀rì fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ pé ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ti lọ. Ẹ̀rọ tó ń rí ìtànṣán gámà kò sì lè nàka sí ojú ibi kan pàtó. Agbègbè tó fẹ̀ lójú ọ̀run ló máa ń nàka sí, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ wà. Lọ́dún 1991 ni Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ BATSE lọ sókè. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ fi máa parí ní 2000, ó ti ka 2,704, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan lójúmọ́, wọ́n sì fọ́n ká gbogbo ojú ọ̀run dọ́gbadọ́gba. Ní oṣù Kẹrin 1995, Bohdan Paczyński àti Donald Lamb bá ara wọn jiyàn ní Washington níwájú èrò. Paczyński ní iná náà jìnnà réré, lẹ́yìn odi ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa yìí. Lamb ní rárá o, ẹ̀gbẹ́ wa níbí ni. Mo fẹ́ràn irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè borí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Iná tó jó, tó kú, tí kò fi nǹkan sílẹ̀, kí lẹ fẹ́ bi í?

Ògúnná àkọ́kọ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ 28 oṣù Kejì 1997. Ítálì àti Nẹ́dálándì ní sátẹ́láìtì kan lókè nígbà náà tó ń jẹ́ BeppoSAX (Beppo ni orúkọ ìnagijẹ Giuseppe Occhialini, onímọ̀ físíìsì ará Ítálì). Ó rí ìtànṣán gámà náà, ó sì tún ní awò tó ń rí ìtànṣán X, èyí tó lè nàka síbi kan dáadáa. Enrico Costa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yí awò náà síbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ. Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń tàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta wọ́n tún wò ó, ó ti rẹlẹ̀ tó ìlọ́po 20. Ẹ ò rí i, ògúnná ni! Kí wákàtí 21 tó pé lẹ́yìn iná náà, wọ́n ti fi awò awọ̀nàjíjìn William Herschel ní erékùṣù La Palma ya ibi kan náà fún Jan van Paradijs ní Amsterdam àti Paul Groot àti Titus Galama. Nígbà tí wọ́n fi wé àwòrán ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, ìmọ́lẹ̀ kan wà nínú ti àkọ́kọ́ tó ti di àwátì nínú ti ìkejì. Groot àti Galama, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ ni wọ́n nígbà náà. Ẹ̀yin tí mo fi ìdánwò dààmú nígbà kan, ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn.

Lọ́jọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, òmíràn jó. Mark Metzger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi awò Keck ní Hawaii wo ògúnná rẹ̀. Wọ́n rí àmì irin àti ti magnesium nínú ìmọ́lẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àmì wọ̀nyí ti nà kúrò ní ààyè wọn, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa ń nà bó bá rin ọ̀nà jíjìn nínú àgbáyé tó ń fẹ̀. Ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ọdún ló ti wà lójú ọ̀nà. Báyìí ni ẹjọ́ Washington parí: Paczyński ló jàre. Dale Frail ní tirẹ̀ fi ẹ̀rọ rédíò ṣọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń ṣẹ́jú. Nígbà tó yá, kò ṣẹ́jú mọ́. Ohun tó bá kéré lójú wa ló máa ń ṣẹ́jú, ìràwọ̀ ń ṣẹ́jú, òṣùpá kì í ṣẹ́jú. Ohun náà ti fẹ̀ sí i nìyẹn, wọ́n sì ṣírò pé eré tó fi ń fẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí gan-an ló ń dá iná náà? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé ti máa ń kánjú, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì: ohun kékeré kan tó wúwo lọ́nà àrà, tó wà láàárín, tó ń ti iná jáde. Ó lè jẹ́ ihò dúdú tuntun tó ń gbé ìràwọ̀ mì. Ó sì lè jẹ́ magnetar, ìyẹn òkú ìràwọ̀ tí kò fẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà 20 lọ, tó ń yí bí òkòtó ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí agbára òòfà rẹ̀ kò láfiwé. Kò sí awò tó lè rí èyíkéyìí nínú wọn láti ibi tí a wà. Kí ògúnná àkọ́kọ́ tó yọ ni Péter Mészáros àti Martin Rees ti ṣàlàyé bí yóò ṣe rí. Wọ́n ní ohun tí ẹ́ńjìnnì bá tì jáde yóò kọlu gáàsì tó yí i ká, yóò máa gbá a níwájú bí ọkọ̀ ṣe ń gbá omi. Gáàsì náà yóò máa tàn: ìtànṣán X, ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí (ìmọ́lẹ̀ lásán ni mo máa pè é láti ìsinsìnyí lọ), àti rédíò. Gbogbo rẹ̀ á sì máa rẹlẹ̀ bí ìṣirò ṣe wí.

Ó dáa. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí ẹnì kan bá ju òkúta sódò, ìgbì tó dé etí odò lè jẹ́ ká mọ bí òkúta náà ti tóbi tó àti irú omi tó bọ́ sí. Kò lè sọ ọwọ́ ta ló jù ú. Ògúnná tó bá ń rẹlẹ̀ bó ti yẹ, ìgbì lásán ni. Ó ti gbàgbé ẹ́ńjìnnì.

Síbẹ̀ ìgbì náà ṣiṣẹ́ ńlá méjì. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní 1999, iná kan jó tí ìmọ́lẹ̀ lásán rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tó bá mú awò olójú méjì dání ì bá rí i. Bí a bá ṣírò pé gbogbo ìhà ló tàn sí, agbára rẹ̀ yóò ju èyí tí a máa rí bí a bá sọ gbogbo oòrùn wa di agbára pátápátá. Ta ló máa gba ìyẹn? Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ méjì, ògúnná rẹ̀ dédé bẹ̀rẹ̀ sí í yára rẹlẹ̀. Àṣé kò tàn sí gbogbo ìhà. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tóóró ló tú jáde, bí ojú tọ́ọ̀ṣì, àwa la bọ́ sójú ọ̀nà rẹ̀. Bó ti dẹ ìrìn la bẹ̀rẹ̀ sí í rí etí rẹ̀. Agbára tí a ṣírò wá já wálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Iṣẹ́ kejì ni ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2003. Ìtòsí ni ìyẹn ti jó, tí ẹ bá lè pe bílíọ̀nù méjì ọdún ìmọ́lẹ̀ ní ìtòsí. Bí ògúnná rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ supernova, ìràwọ̀ ńlá tó bú gbàmù, ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Stan Woosley ti sọ láti 1993 pé ìràwọ̀ ńlá tó bá wó lu ara rẹ̀ lè bí irú iná yìí. A wá mọ ilé tí ẹ́ńjìnnì ń gbé. A kò tíì mọ ẹni tó wà nínú ilé.

Ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá 2004 ni Swift gòkè, sátẹ́láìtì tí Amẹ́ríkà, Ítálì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ṣe. Ó lè yí padà láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kó sì fi awò ìtànṣán X àti awò ìmọ́lẹ̀ lásán wo ibi kan náà pọ̀. Wákàtí mẹ́jọ tí kò bọ́ sọ́wọ́ Costa, Swift rí i. Ohun tó sì wà níbẹ̀ kò bá ìṣirò mu.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi mọ ohun tí mo máa ń sọ nípa òǹkà Yorùbá. Ogójì, ogún méjì ni. Ọgọ́ta, ogún mẹ́ta. Ọgọ́rin, ogún mẹ́rin. Wọ́n ń tẹ̀lé òfin, wọn kò sì ní àṣírí kankan. Ọgbọ̀n ni kò ṣe é tú sí ogún kankan, òun ló sì máa ń mú wa béèrè ìtàn. Bẹ́ẹ̀ ni ògúnná: ibi tó ti yapa ni kí ẹ tẹ́tí sí.

Lọ́jọ́ 2 oṣù Karùn-ún 2005, iná kan ti kú, ìtànṣán X rẹ̀ ń rẹlẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 12, ó dédé tún jó bùlà, agbára tó sì tú jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti iná àkọ́kọ́. David Burrows àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ̀wé nípa rẹ̀. Ìgbì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Iwájú ìgbì fẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àárín rẹ̀ á ti dé kí ti etí rẹ̀ tó dé, nítorí náà ohunkóhun tó bá yí padà nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ la máa rí i. Ohun tó yára tàn tó sì yára rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹ́ńjìnnì ló ti wá. Iná tí a ní ó ti kú, ẹni tó ń dá a kò tíì lọ sílé.

Ìyapa mìíràn tún wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìtànṣán X á kọ̀, kò ní rẹlẹ̀ mọ́, á dúró pẹrẹsẹ fún ìgbà díẹ̀, nígbà mìíràn fún wákàtí mélòó kan, bí ẹni pé ẹnì kan ń koná mọ́ ọn. Magnetar bá èyí mu, torí bó ti ń yí ni agbára ń tú lára rẹ̀ déédéé títí yóò fi falẹ̀. Zi-Gao Dai àti Tan Lu ti rò ó kan ibẹ̀ láti 1998.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní 2007, tí Eleonora Troja àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lé lórí. Ìtànṣán X rẹ̀ dúró pẹrẹsẹ fún nǹkan bí wákàtí márùn-ún ààbọ̀, bí a bá fi aago tiwa kà á. Lẹ́yìn náà ó já, bí okùn ṣe ń já. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ lásán, láti ibi kan náà, lásìkò kan náà, kò já. Ó ń rẹlẹ̀ lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ẹlẹ́rìí méjì, ẹjọ́ kan, ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu. Adájọ́ tó bá kánjú á ní ọ̀kan ń purọ́. Kò sẹ́ni tó purọ́ o. Ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dúró sí. Ìmọ́lẹ̀ lásán wá láti ara ìgbì, níta lọ́hùn-ún. Ìtànṣán X wá láti ìtòsí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó já, ẹ́ńjìnnì ló kú, ìgbì kò tíì gbọ́. Àlàyé kan ni pé magnetar ló ń yí níbẹ̀ títí ìyípo rẹ̀ fi falẹ̀, tí kò lè gbé ìwúwo ara rẹ̀ mọ́, tó sì wó di ihò dúdú.

Èmi kò fẹ́ ká kánjú ṣá. Àwọn kan ti wá ń rí magnetar ní gbogbo ibi pẹrẹsẹ. Ihò dúdú tí nǹkan ń já bọ́ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ náà lè koná bẹ́ẹ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tí kò kọjú sí wa gbọọrọ sì lè dà bíi pé ó dúró pẹrẹsẹ. Níbi tí ìtànṣán X àti ìmọ́lẹ̀ lásán bá ti jọ ń rìn, ìgbì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Níbi tí wọ́n bá ti pínyà ni mo máa gbọ́ ẹjọ́ ẹ́ńjìnnì.

Ẹ wo ti ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ 2017. Ìràwọ̀ nútúrọ́ọ̀nù méjì kọlu ara wọn ní ìṣùpọ̀ NGC 4993, nǹkan bíi mílíọ̀nù 130 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa, ìtànṣán gámà sì dé. Ọjọ́ kẹsàn-án ni awò Chandra tó rí ìtànṣán X rẹ̀, dípò kó sì rẹlẹ̀, ó ń ga sí i fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá kánjú á ní ẹ́ńjìnnì ló ń koná. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Rédíò, ìmọ́lẹ̀ lásán àti ìtànṣán X ló jọ gòkè, wọ́n sì jọ sọ̀ kalẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan náà. Ìgbì ni, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tí ojú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò kọ sí wa tààrà, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń fẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹfà 2024, Ṣáínà àti Faransé gbé sátẹ́láìtì SVOM lọ sókè láti Xichang. Awò ìtànṣán X wà lára rẹ̀, awò ìmọ́lẹ̀ lásán wà lára rẹ̀, ibi kan náà ni àwọn méjèèjì kọjú sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ̀wé sí mi ti ní òun yóò lo ògúnná. Ó wá tún béèrè ohun tí òun máa pe èyí tó tún jó bùlà lẹ́yìn tí iná ti kú. Mo ṣì ń rò ó. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu láti ìlú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.