Ẹ̀rù tí a Fi Ọwọ́ Ṣe: Ewéko Ajẹran ti Halloween àti Ààlè Oko Ìbàràpá

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ń gbé ní Amẹ́ríkà àti Lọ́ńdọ̀nù a máa bá ẹgbẹ́ wọn ṣe àjọ̀dún Halloween. Lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ni ewéko ajẹran. Wọn a lanu sí elégédé lára, wọn a to eyín ṣóńṣó sí i, wọn a kùn ún ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ẹ̀jẹ̀, wọn a sì gbé e sínú ìkòkò òdòdó bí ẹni pé ó fẹ́ gbé ènìyàn mì. Ìbéèrè mi ni pé: ǹjẹ́ àwa náà ní irú iṣẹ́ ọwọ́ adẹ́rùbani bẹ́ẹ̀?

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a mọ orírun àlejò yìí. Àwọn ará Ireland àti Scotland ni wọ́n gbé àjọ̀dún náà dé Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nílé wọn, gbòǹgbò tọ́níìpù ni wọ́n ń gbẹ́ ojú sí. Nígbà tí wọ́n dé òkè òkun, elégédé ni wọ́n bá lọ́hùn-ún. Ní ti ewéko ajẹran, òótọ́ ni pé ó wà. Charles Darwin kọ odindi ìwé lé e lórí ní ọdún 1875. Èyí tó lókìkí jù, Venus flytrap, kò hù fúnra rẹ̀ níbòmíràn ju North Carolina àti South Carolina lọ, kòkòrò lásán ni ó sì ń pa jẹ. Ibo wá ni ti ajènìyàn ti wá? Ní ọdún 1874, ìwé ìròyìn New York World gbé ìtàn igi kan jáde, pé ó ń jẹ ènìyàn ní Madagascar. Irọ́ gbuu ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: nígbà tí òpùrọ́ ń wá ibi tí yóò gbin igi ajènìyàn sí, ẹ̀gbẹ́ Áfíríkà ló wá a dé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé, sí Ìbàràpá Méje: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ń pa ni pé ara bàrà, ẹ̀gúsí tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbìn lọ́pọ̀ yanturu, ni orúkọ Ìbàràpá ti jáde. Ìdílé kan náà sì ni bàrà àti elégédé nínú ètò àwọn ewéko. Ibi tí àgbẹ̀ bá pọ̀ sí, olè oko kì í jìnnà síbẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa ààlè.

Kí ni ààlè? Àmì ni, tí olóko ń so mọ́ igi tàbí tí ó ń gbé sí ẹ̀bá oko láti kìlọ̀ fún olè. Ìkarahun ìgbín òfìfo, kùùkù àgbàdo, àjákù ìgbálẹ̀, àlòkù bàtà, aṣọ pupa, màrìwò: ohun tí a ti lò tán ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni ó ń ṣọ́ oko. Lójú tèmi, ohun tí ààlè ń sọ ni pé: bí àgbàdo yìí ti di kùùkù, bẹ́ẹ̀ ni ayé olè yóò rí. Òògùn lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè má sí. Ẹni tí ń kọjá kò mọ̀, àìmọ̀ náà sì ni ẹ̀rù rẹ̀. David Doris, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé ńlá lórí ààlè ní ọdún 2011, Vigilant Things.

Ibi tí ọ̀nà ti pín nìyí. Ewéko Halloween ń dẹ́rù bani kí a lè rẹ́rìn-ín. Ààlè ń dẹ́rù bani kí òógùn ojú àgbẹ̀ má baà ṣòfò. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ sì ni ààlè. Ẹni tí ó gbà pé òun àti olóko jọ ń gbé ìlú nìkan ni ó lè dá dúró. Nígbà tí àwọn agbébọn kọlu Ìgàngàn ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n sì sun ilé, ààfin ọba pàápàá kò yọ. Kò sí àkísà tí ó lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró.

Síbẹ̀, n kò ní kí a kó ààlè dànù. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, a ti gbàgbé pé ìgbà kan wà tí ìkarahun ìgbín kan tó láti ṣọ́ oko. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè: kí ni wọ́n ń so, kí ni ó túmọ̀ sí? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó bọ́. Bí ọmọ yín ní òkè òkun bá sì ń gbẹ́ elégédé, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sọ ìtàn bàrà àti ààlè fún un.