Rímù Ńlá àti Epo Tí Ọkọ̀ Ń Jẹ

Bí rímù ọkọ̀ ṣe tóbi tó wà lára ohun tó ń pinnu iye epo tí ọkọ̀ yóò jẹ. Ẹni tó bá yọ rímù tó bá ọkọ̀ rẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́, tó fi èyí tó fi íńṣì méjì tàbí mẹ́ta jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, ilé epo ni yóò ti mọ̀ ọ́n lára. Síbẹ̀, kì í ṣe íńṣì yẹn gan-an ló ń jẹ epo. Ìwúwo àti fífẹ̀ tó sábà máa ń bá a wọlé ló ń jẹ ẹ́.

Ìwé ìròyìn Car and Driver ní Amẹ́ríkà dán ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́dún 2010. Volkswagen Golf kan ṣoṣo ni wọ́n lò. Rímù àti táyà nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀, láti íńṣì 15 títí dé 19. Nígbà tí wọ́n fi máa dé orí 19, ìrìn tí gálọ́ọ̀nù epo kan ń gbé ọkọ̀ náà ti fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 dín kù, kò sì yára gbéra mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọkọ̀ Toyota Prius ti ọdún 2023 náà jẹ́rìí sí i. Èyí tí wọ́n ń pè ní LE ń lo rímù íńṣì 17, XLE àti Limited ń lo 19. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, fífẹ̀ táyà wọn ò sì yàtọ̀. Àmọ́ máìlì 57 lórí gálọ́ọ̀nù kan ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ fún LE tó ń fi táyà iwájú wọ́ ara rẹ̀, ó sì kọ 52 fún àwọn méjì yòókù. Ẹni tó ń fi XLE tàbí Limited rin kìlómítà 15,000 lọ́dún, epo tí yóò rà á fi nǹkan bíi 60 lítà ju ti ẹni tó ń wa LE lọ. Lóòótọ́, XLE àti Limited tún wúwo díẹ̀ nítorí àwọn nǹkan ìdẹ̀ra inú wọn, nítorí náà a ò lè di gbogbo ẹ̀bi ru rímù.

Rímù ò dà bí ẹrù tó kàn jókòó sínú búùtù. Ó ń lọ síwájú, ó sì tún ń yí, ìgbàkígbà tí ọkọ̀ bá sì gbéra, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ méjèèjì. Bí ìwúwo bá ṣe jìnnà sí àárín rímù tó ni yíyí rẹ̀ ṣe máa ń le tó. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, níbi tí awakọ̀ ti ń tẹ bíréèkì tó tún ń gbéra láàárín ìṣẹ́jú kan, ibí yìí gan-an ni owó ń gbà lọ: agbára tí epo fi yí rímù náà, bíréèkì á sọ ọ́ di ooru.

Tí ọ̀nà bá wá já geere, tí ọkọ̀ ń sáré, afẹ́fẹ́ ló kù tó ń bá a jà, táyà tó fẹ̀ sì ń dojú kọ afẹ́fẹ́ púpọ̀. Rọ́bà náà ní tirẹ̀. Ibi tí táyà bá ti kan ilẹ̀ máa ń tẹ̀, bó bá kúrò nílẹ̀ á padà sípò, ṣùgbọ́n kì í dá gbogbo agbára tó gbà padà. Ẹ fọwọ́ kan táyà lẹ́yìn ìrìn àjò láti Èkó dé Ìbàdàn, ooru tó wà lára rẹ̀ yẹn, epo wà níbẹ̀.

BMW i3, ọkọ̀ oníná tó jáde lọ́dún 2013, ló fi hàn pé íńṣì ńlá nìkan kì í ṣe ọ̀daràn. Rímù íńṣì 19 ló ń lò, àmọ́ táyà rẹ̀ tín-ín-rín, mìlímítà 155 péré. Táyà tó ga ṣùgbọ́n tí kò fẹ̀ kì í tẹ̀ púpọ̀ níbi tó ti kan ilẹ̀, kì í sì í gba afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ó yẹ kí àwọn tó ń ta rímù máa sọ èyí fún oníbàárà, torí owó rẹ̀ ló ń lọ.

Kí ẹni tó pààrọ̀ rímù tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò epo, kó kọ́kọ́ ka ẹ̀gbẹ́ táyà. Lára ọ̀pọ̀ Corolla, ẹ ó rí 195/65R15. 195 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 65 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ yẹn. 15 ni íńṣì rímù. Ẹni tó bá gbé 205/55R16 sí i, gíga gbogbo táyà náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Àmọ́ tó bá jẹ́ 205/65R16 ni, táyà yóò fi nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 ga jù ti tẹ́lẹ̀. Iye ìgbà tí táyà yí ni mítà ọkọ̀ ń kà, kò mọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó. Bó bá kọ kìlómítà 100, ọkọ̀ ti rin 106, ẹni tó bá sì fi ohun tí mítà kọ ṣírò yóò rò pé epo tí ọkọ̀ ń jẹ ti pọ̀ ju bó ṣe rí gan-an lọ. Ìyára tí mítà ń sọ náà á kéré sí òótọ́, èyí sì léwu.

Táyà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó náà ń fi epo ṣòfò, rímù ì báà kéré, ì báà tóbi. Àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan sì máa ń dé pẹ̀lú rímù tí kì í ṣe tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó yẹ, kó wo òpó ilẹ̀kùn awakọ̀: ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ máa ń lẹ bébà kékeré kan síbẹ̀ tó sọ ìwọ̀n táyà tó yẹ ọkọ̀ náà àti iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú rẹ̀.