Ìjà Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Texas: Ìtàn Edgewood àti Alamo Heights

Ẹ̀yin ará, ìtàn tí a mú wá síwájú yín yìí jẹ́ ti ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ méjì ní àgbègbè ìlú San Antonio, ní ìpínlẹ̀ Texas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Edgewood ni orúkọ ọ̀kan, Alamo Heights ni orúkọ èkejì. Ọ̀nà tí ó wà láàárín wọn kò jìn, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń ná lórí ọmọ ọ̀kan àti ọmọ èkejì jìnnà sí ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀ràn náà fi di ẹjọ́. Ìjà náà bẹ̀rẹ̀ ní 1968, kò sì rí ojútùú ní ilé-ẹjọ́ títí di 1995. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé ìka kò dọ́gba, wọn a sì fi bẹ́ẹ̀ pa irú ọ̀rọ̀ báyìí tì. Òótọ́ ni pé ìka kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni ó dá ìka, ààlà ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́, ènìyàn ni ó fà á. Èyí ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí a ti ń bá ìtàn náà lọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ti ń rí owó ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Texas pín ilẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́, ìgbìmọ̀ ẹkùn kọ̀ọ̀kan a sì máa gba owó lórí ilé àti ilẹ̀ tí ó wà nínú ààlà tirẹ̀. Kì í ṣe owó-orí tí gbogbo ọkùnrin ń san ní iye kan náà. Bí ilé àti ilẹ̀ bá ti níye lórí tó ni owó náà ń pọ̀ tó. Láti 1949 ni òfin ti wà pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ rí i pé ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n owó tí kò gbọdọ̀ dín. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ohunkóhun tí ẹkùn bá rí kó jọ lórí èyí, tirẹ̀ nìkan ni. Ẹkùn tí ilé ńláńlá tàbí kànga epo bá wà nínú ààlà rẹ̀ yóò rí owó púpọ̀ láì ṣe wàhálà. Èyí tí ó kún fún ilé àwọn òṣìṣẹ́ yóò san án títí, ohun tí yóò kó jọ kò ní tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a wo iye tí a kà ní ilé-ẹjọ́ fún ọdún ẹ̀kọ́ 1967 sí 1968. Akẹ́kọ̀ọ́ bí 22,000 ni ó wà ní Edgewood, nínú ilé-ẹ̀kọ́ 25. Nínú 100 wọn, bí 90 jẹ́ ìran ará Mẹ́síkò, àwọn ènìyàn dúdú sì lé ní 6. Bí a bá pín iye ilé àti ilẹ̀ Edgewood lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, dọ́là 5,960 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní Alamo Heights, níbi tí àwọn òyìnbó pọ̀ sí, ó ju 49,000 lọ. Lórí dọ́là 100 kọ̀ọ̀kan tí ilé àti ilẹ̀ wọn tó, àwọn ará Edgewood ń san dọ́là 1 àti sẹ́ńtì 5. Àwọn ará Alamo Heights ń san sẹ́ńtì 85. Tálákà ni ó di ẹrù tí ó wúwo jù ru ara rẹ̀. Kí ni ó sì rí kó jọ? Dọ́là 26 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí Alamo Heights kó 333 jọ. Ẹ óò rò pé ìjọba ìpínlẹ̀ yóò tún un ṣe. Dọ́là 222 ni ó fún ọmọ Edgewood, ó sì fún ọmọ Alamo Heights ní 225. Nígbà tí a fi owó ìjọba àpapọ̀ kún un, ti Edgewood di 356, ti Alamo Heights di 594. Èso rẹ̀ kò pamọ́: nínú olùkọ́ 100 ní Edgewood, bí 47 ni ó ń fi ìwé àṣẹ onígbà-díẹ̀ kọ́ni, ní Alamo Heights, 11 ni.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 1968, akẹ́kọ̀ọ́ bí 400 jáde kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Edgewood, wọ́n tọ ọ̀gá àgbà ẹkùn náà lọ, wọ́n ń ráhùn nítorí fèrèsé fífọ́ àti àìtó olùkọ́ tí ó mọṣẹ́. Àwọn òbí gbọ́ igbe ọmọ wọn. Demetrio Rodriguez, òṣìṣẹ́ tí ń rọ irin ní ibùdó ọkọ̀ òfúrufú àwọn ológun, tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ológun rí, pẹ̀lú àwọn òbí mìíràn, pe ẹjọ́ ní oṣù Keje ọdún náà. Ní oṣù Kejìlá 1971, adájọ́ mẹ́ta dá wọn láre.

Ìjọba Texas gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Washington. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 1973, adájọ́ márùn-ún dá ìjọba láre, mẹ́rin kò gbà. Adájọ́ Lewis Powell ni ó kọ ìdájọ́ náà. Ó ní ẹ̀kọ́ kò sí nínú àwọn ẹ̀tọ́ tí ìwé òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà dáàbò bò. Ó ní ó dára kí àwọn ará ìlú máa ṣe àkóso ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn. Ó sì ní àwọn aṣòfin ni ó yẹ kí ó tún ọ̀ràn náà ṣe. A kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín ìdí wọ̀nyí, nítorí òun pàápàá kò wí pé ohun tí Texas ń ṣe dára. Ṣùgbọ́n Adájọ́ Thurgood Marshall, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó jókòó ní ilé-ẹjọ́ náà, tako ìdájọ́ yìí gidigidi. Lójú tirẹ̀, ẹkùn tí ilẹ̀ rẹ̀ kò níye lórí kò ní àkóso tí a ń sọ yẹn lọ́wọ́ rárá. Nínú àkíyèsí kékeré kan nísàlẹ̀ ìwé rẹ̀, ó tọ́ka sí i pé ọ̀nà ṣì wà ní ilé-ẹjọ́ àwọn ìpínlẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ New Jersey fi òfin ìpìlẹ̀ tirẹ̀ dá irú ètò bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Texas náà ní irú òfin yìí. Láti 1876 ni ìwé òfin rẹ̀ ti pa á láṣẹ fún àwọn aṣòfin pé kí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì ṣe é lọ́nà tí yóò gbéṣẹ́, nítorí ìmọ̀ tí ó kárí ni ó ń pa òmìnira mọ́. Ní 1984, Edgewood àti àwọn ẹkùn mìíràn di ọ̀rọ̀ yìí mú, wọ́n tún pe ẹjọ́.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 1989, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé-ẹjọ́ gíga Texas fi ohùn kan dá wọn láre. Wọ́n rí i pé àwọn ẹkùn 100 tí ó tòṣì jùlọ ń san sẹ́ńtì 74 àti ààbọ̀ lórí dọ́là 100, wọ́n sì ń ná dọ́là 2,978 lórí ọmọ kan. Àwọn 100 tí ó lọ́rọ̀ jùlọ ń san sẹ́ńtì 47, wọ́n sì ń ná 7,233. Ogún ọdún ti kọjá, àrùn kan náà ni. Àwọn aṣòfin ṣe òfin tuntun. Ilé-ẹjọ́ dá a nù ní 1991, ó sì tún dá òmíràn nù ní 1992. Ní oṣù Karùn-ún 1993, àwọn olùdìbò kọ àtúnṣe tí a gbé ka iwájú wọn. Ní òpin oṣù náà gan-an ni Gómìnà Ann Richards fọwọ́ sí òfin tí ó ní kí ẹkùn olówó yọ lára owó rẹ̀ fún àwọn tí kò ní. Èyí ni ilé-ẹjọ́ gbà ní oṣù Kìíní 1995.

Àwọn ẹkùn olówó ráhùn, ìráhùn wọn kò sì ṣe é fi rẹ́rìn-ín, nítorí kò rọrùn fún òbí láti rí owó tí ó dá fún ọmọ rẹ̀ kí ó gba ibòmíràn lọ. Houston pàápàá, níbi tí ọmọ tálákà pọ̀ sí, bọ́ sínú àwọn tí ń san án. Ní 2016, ilé-ẹjọ́ gíga Texas wí pé àléébù ètò náà pọ̀, síbẹ̀ kò rú òfin. Ní 2019 àwọn aṣòfin sì dín ohun tí a ń gbà lọ́wọ́ àwọn olówó kù.

Kí ni a rí kọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti dá owó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ rí kò ní ṣàì mọ̀ pé ẹni tí ó san jù lọ nínú agbára rẹ̀ kọ́ ni ó ń mú owó tí ó pọ̀ jù wá. Àwọn ará Edgewood kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe ahun. Ààlà tí a fà yí wọn ká ni ó sọ làálàá wọn di asán. Nígbà tí wọ́n sì pàdánù ní Washington, wọn kò jókòó sunkún. Wọ́n padà sí ìwé òfin tí ó ti wà nílé, wọ́n sì bi àwọn aṣòfin léèrè ẹ̀jẹ́ tí bàbá wọn jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé pé ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní 1968 ti di ẹni ọdún 27 kí àwọn adájọ́ Texas tó sọ̀rọ̀. Ẹjọ́ lè dúró de ọdún, ìgbà èwe kì í dúró de ẹjọ́. Àwọn bàbá wa sì ti wí fún wa pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọn kò sọ pé inú ẹkùn wo ni ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti wá.