Ìtàn Ìjánu Katakata Ferguson

Bí a bá ń pìtàn ẹ̀rọ oko, agbára rẹ̀ ni a sábà máa ń sọ. Ìwọ̀nba ènìyàn ni í bèèrè bí a ti ń dá a dúró. Katakata Fordson tí Henry Ford gbé jáde ní 1917 kò tilẹ̀ ní ìjánu rárá.

Harry Ferguson, ọmọ àgbẹ̀ láti County Down ní ilẹ̀ Ireland, ni ó ni TE20 tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Coventry ni a ti ṣe é láti 1946 títí di 1956, ní Banner Lane, níbi tí wọ́n ti ń rọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú nígbà ogun Hitler. Iye rẹ̀ lé ní 500,000. Irú rẹ̀ ni Edmund Hillary gùn dé ìpẹ̀kun gúúsù ayé ní January 1958, lórí yìnyín. Àwọn ará wa tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè bá a pàdé níbi ìpàtẹ àwọn àgbẹ̀, tí ọ̀dà aláwọ̀ eérú ń dán lára rẹ̀. Ọ̀dà kì í dá ọkọ̀ dúró.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ni ìjánu rẹ̀ wà. A lè tẹ ọ̀kan láìtẹ èkejì, kí ó lè yípo ní ìpẹ̀kun aporo. Ẹni tí yóò tún un ṣe yóò kọ́kọ́ fi ìtì igi há ẹsẹ̀ iwájú, yóò fi jáàkì gbé ẹ̀yìn, yóò sì yọ irin roboto bí ìlù tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní dúrọ́ọ̀mù. Nínú rẹ̀ ni irin méjì tí ó tẹ̀ bí oṣù tuntun wà, tí a fi ìṣó kan ìbora mọ́ lẹ́yìn. Ìbora yìí ni í fún dúrọ́ọ̀mù mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá tẹ ìjánu. Àìsàn tí ó wọ́pọ̀ ni kí epo jò wá sórí ìbora. Ẹni tí ó pààrọ̀ ìbora láìpààrọ̀ síìlì tí ń dí epo náà, agbọ̀n ni ó fi ń pọn omi. Orí ìṣó gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ ju ojú ìbora lọ, kí ó má baà ha dúrọ́ọ̀mù. Bí ìjánu ọ̀tún bá sì le ju ti òsì lọ, ọ̀tún ni katakata yóò fà sí. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ikú ni.

Ṣùgbọ́n ikú mìíràn wà nínú eruku rẹ̀. Asbestos ni wọ́n fi ń ṣe ìbora láyé ìgbà náà, nítorí pé iná kì í ràn án. Ní 1930 ni Merewether àti Price jábọ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé eruku asbestos ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́. Òfin tẹ̀lé e ní 1931, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe asbestos ni ó kàn. Kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń fi ẹnu fẹ́ eruku kúrò nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó di 1999 kí wọ́n tó ka gbogbo asbestos léèwọ̀ níbẹ̀. Ọdún 68! Lójú tèmi, ó pẹ́ jù fún ohun tí a ti mọ̀.

Ìbora tí wọ́n ń tà níbẹ̀ nísinsìnyí kò ní in, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ṣì lè wà nínú katakata tí a kò tíì tú rí. Ẹni tí yóò ṣí i, kí ó má ṣe fẹ́ ẹ, kí ó má sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a. Kí ó bo imú dáadáa, kí ó wọ́n omi sí i, kí ó fi aṣọ tútù nù ún, kí ó sì di aṣọ náà pinpin sínú ọ̀rá kí ó tó gbẹ.