Kọ́bùlà: Ìtàn Èso, Orúkọ àti Ọwọ́

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ kékeré kan wà tí mo pa nídìí àwo oúnjẹ ní ìlú òyìnbó ní ọdún 2016. Ọdún méjì péré ni ó lọ kí òtítọ́ tó bá a. Ìtàn tí ó wà nídìí rẹ̀ tóbi ju irọ́ náà fúnra rẹ̀ lọ, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ní ìgbà ooru ọdún náà, mo lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilé ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ni mo gba yàrá sí. Màmá ni mo ń pè wọ́n, "ọmọ mi" ni àwọn náà ń pè mí. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọn a gbé oúnjẹ kan ka iwájú mi tí wọ́n ń pè ní cobbler. Kọ́bùlà ni n óò máa pè é níhìn-ín. Èso píìṣì ni a yan pọ̀ mọ́ fùláwà, bọ́tà àti ṣúgà. Ojú rẹ̀ a pọ́n, omi èso náà a sì máa hó ní ẹ̀gbẹ́ àwo.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n bi mí léèrè pé: "Ọmọ mi, ṣé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ ni oúnjẹ yìí ti wá? Ìyá mi àgbà sọ fún mi pé láti Áfíríkà ni." Mo wo ojú wọn, mo rí ìdáhùn tí wọ́n ń retí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Inú wọn dùn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, wọ́n ti sọ fún ìjọ wọn pé ọ̀mọ̀wé kan láti Nàìjíríà ti jẹ́rìí sí i. Èmi nìyí, tí mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wí lójoojúmọ́ pé kí wọ́n má ṣe sọ ohun tí wọn kò ní ẹ̀rí fún!

Bí a ṣe ń ṣe é

Kí n tó wádìí ọ̀rọ̀ náà fún yín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí Màmá ṣe ń ṣe é, nítorí kò le rárá. Wọn a bó píìṣì bíi 6 sí 8, wọn a gé e wẹ́wẹ́, wọn a sì wọ́n ṣúgà díẹ̀ sí i kí ó lè sun omi. Wọn a fi bọ́tà tó ìdajì ife sínú àwo, wọn a gbé e sínú ààrò kí ó yọ́. Nínú abọ́ mìíràn, wọn a po ife fùláwà kan, ife ṣúgà kan, ṣíbí kékeré 2 baking powder àti iyọ̀ díẹ̀ pọ̀ mọ́ ife mílíìkì kan, yóò ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Èyí ni wọn a dà sórí bọ́tà, wọn a wá kó èso náà lé e lórí. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí: a kò gbọdọ̀ rò ó pọ̀. Fùláwà tí ó wà nísàlẹ̀ ni yóò wú gòkè fúnra rẹ̀, tí yóò sì bo èso náà mọ́lẹ̀. Bí ooru ààrò bá wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 180 ti Celsius, ìṣẹ́jú 45 tó o.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó rọrùn yìí kì í ṣe ọ̀nà àtijọ́. Ní ọdún 1843 ni Alfred Bird ṣe irú ìyẹ̀fun tí ń mú kéèkì wú yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1856 ni Eben Horsford gba àṣẹ ìjọba lórí tirẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, fùláwà tí a fi ọ̀rá pò ni wọ́n ń tẹ́ sínú ìkòkò irin wíwúwo, wọn a kó èso sí i, wọn a fi fùláwà mìíràn bò ó, wọn a wá kó ẹyín iná sábẹ́ ìkòkò náà àti sórí ọmọrí rẹ̀. Àwọn tí kò ní ààrò nínú ilé ni ọ̀nà yìí gbà. Ẹni tí ó bá rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi ìkòkò, yanrìn àti ẹyín iná orí ọmọrí ṣe kéèkì ọdún yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Èso náà

Píìṣì kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, kì í sì í ṣe ọmọ Áfíríkà. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ilé rẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí kóró rẹ̀ ní agbègbè Zhejiang, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó ọdún 7,500. Ó gba ilẹ̀ Páṣíà kọjá dé Yúróòpù, ìdí sì nìyí tí àwọn onímọ̀ ewéko fi ń pè é ní Prunus persica, bí ẹni pé Páṣíà ni wọ́n bí i sí. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn ará Sípéènì gbé e dé etíkun ibi tí à ń pè ní Florida àti Georgia lónìí. Àwọn ọmọ onílẹ̀ gbìn ín káàkiri tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó dé lẹ́yìn fi rò pé igi ilẹ̀ náà ni. Ní àwọn ọdún 1870 ni Samuel Rumph, ní Marshallville ní Georgia, mú ẹ̀yà kan jáde tí ó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀, Elberta, pè. Ẹ̀yà yìí lè rin ìrìn-àjò jìnnà nínú ọkọ̀ ojú irin láìbàjẹ́, òun ni ó sì sọ Georgia di olókìkí nídìí píìṣì.

Orúkọ náà

Ibi tí iṣẹ́ mi wà gan-an nìyí. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, cobbler ni ẹni tí ń tún bàtà ṣe. Kí ni ó pa bàtà àti èso pọ̀? Àwọn kan ní orúkọ abọ́ igi àtijọ́ kan ni ó yí padà. Àwọn mìíràn ní ojú oúnjẹ náà ni ó rí gbágungbàgun bí òkúta tí wọ́n fi ń tẹ́ òpópó ọ̀nà. Kò sí èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè Amẹ́ríkà tí John Russell Bartlett ṣe, nínú ẹ̀dà rẹ̀ ti ọdún 1859, túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ṣáájú rẹ̀, ní 1839, Lettice Bryan ti kọ ọ́ sínú ìwé ìdáná rẹ̀, The Kentucky Housewife. Ó ṣàlàyé píìṣì tí a yan nínú ìkòkò, èyí tí ẹran ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ kóró pinpin, ó sì ní ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pè é ní kọ́bùlà. Ó fi kún un pé kì í ṣe oúnjẹ tí a ń gbé síwájú àlejò pàtàkì, ṣùgbọ́n ó dára fún àwọn ará ilé, pàápàá pẹ̀lú mílíìkì tútù.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, "ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pè é." Ìwé kọ́ ni ó bí orúkọ yìí. Ẹnu ni ó ti wà kí gègé tó bá a. Ẹnu ta ni? Kentucky ní 1839 jẹ́ ilẹ̀ tí òfin fi àyè gba oko ẹrú, ní ilé àwọn ọlọ́rọ̀ ibẹ̀, àwọn obìnrin tí a kó lẹ́rú ni ó sábà máa ń wà nídìí ààrò. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù, òfin kò tilẹ̀ gbà kí a kọ́ wọn ní ìwé. Yorùbá ní ẹni tí ó lẹ́rú ni ó lẹ́rù. Ẹni tí ó di gègé mú ni ó ni ìwé, kì í ṣe ìgbà gbogbo ni òun náà ń di ṣíbí mú.

Ọwọ́ tí ó ṣe é

Ṣùgbọ́n gbogbo ọwọ́ náà kọ́ ni ó sọnù. Malinda Russell jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Tennessee tí a kò bí sí oko ẹrú. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 19, ó gbéra láti lọ máa gbé ní Làìbéríà. Ẹnìkan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń rin ìrìn-àjò jí owó rẹ̀ ní ojú ọ̀nà, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ há sí Lynchburg ní Virginia, ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáná fún àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn náà, ó padà sí Tennessee, ó ní ilé àlejò, ó sì ń ṣe kéèkì tà. Ní oṣù kìíní ọdún 1864, nígbà ogun abẹ́lé, àwọn jàǹdùkú ológun tún kó o lówó lọ, ó sì sá lọ sí Michigan. Níbẹ̀ ni ó ti tẹ ìwé ìdáná olójú ewé 39 jáde ní ọdún 1866, kí ó lè rí owó padà sí ilé. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni a mọ̀ pé ó kù, ó wà ní Yunifásítì Michigan. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀ jáde.

Kí ó tó di pé a rí ìwé yìí, ti Abby Fisher, tí ó jáde ní San Francisco ní 1881, ni a rò pé ó ṣáájú. Ọmọ South Carolina ni Fisher, ó ti gbé ní ìlú Mobile ní Alabama rí kí ó tó lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Kò mọ̀wé kọ, kò sì mọ̀ ọ́n kà. Ó ń sọ, àwọn mìíràn ń kọ. Nítorí náà ni succotash, ìyẹn ẹ̀wà àti àgbàdo, fi di "Circuit Hash" nínú ìwé rẹ̀, tí jambalaya sì di "Jumberlie." Àwọn kan lè pe èyí ní àṣìṣe. Ní tèmi, ohùn obìnrin náà ni mo ń gbọ́ níbẹ̀.

Àwa Yorùbá ńkọ́?

Ní Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, kò sí ẹni tí yóò jiyàn lórí acarajé. Àkàrà wa ni, orúkọ rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Èéṣe tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò fi pọ̀ nínú oúnjẹ Georgia? Ọjọ́ ni ó fà á. Amẹ́ríkà fi òfin dá kíkó ẹrú wọlé dúró láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1808. Lẹ́yìn ìgbà náà ni Ọ̀yọ́ fọ́, tí ogun kó àwọn ènìyàn wa lọ́pọ̀ yanturu, Bùràsíìlì àti Kúbà ni ọ̀pọ̀ wọn sì bá lọ. Lorenzo Dow Turner rí orúkọ Yorùbá láàrin àwọn Gullah ní etíkun Georgia àti South Carolina, ó kọ wọ́n sínú ìwé rẹ̀ ní 1949. Síbẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí ó gbajúmọ̀ jù ní gúúsù ti ibòmíràn wá: okra ti ọ̀dọ̀ àwọn Ìgbò, gumbo àti goober ti ọ̀dọ̀ àwọn Bantu.

Síbẹ̀ náà, ọmọ wa kan dé ibẹ̀. Kossola, tí wọ́n tún ń pè ní Cudjo Lewis, jẹ́ ọmọ agbègbè Bantè, ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó bọ́ sí orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì mú un, wọ́n tà á ní Ouidah, ọkọ̀ Clotilda sì gbé e dé Mobile ní 1860 lọ́nà àìtọ́, ọdún 52 lẹ́yìn òfin. Mobile yìí kan náà ni ti Abby Fisher. Nígbà tí ìdáǹdè dé ní 1865, òun àti àwọn tí wọ́n jọ wá dá ìletò tiwọn sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní Africatown. Ibẹ̀ ni Zora Neale Hurston ti bá a ní 1927 àti 1928. Ó kọ̀wé pé ní ọjọ́ mìíràn, àwọn méjèèjì a jókòó, wọn a jẹ píìṣì púpọ̀, wọn a sì máa sọ̀rọ̀. Irú píìṣì tí kóró rẹ̀ lẹ̀ pinpin ni, irú èyí tí Lettice Bryan ní kí a fi ṣe kọ́bùlà. Ilé ìtẹ̀wé kan fẹ́ kí ó yí ohùn Kossola padà sí Gẹ̀ẹ́sì gidi. Ó kọ̀, ìwé náà sì wà nílẹ̀ títí di 2018. Kossola ti kú láti 1935. Yorùbá ní, "Ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀."

Bí mo ti ka ìwé náà tán ní 2018, mo tẹ Màmá láago. Mo ní, "Màmá, ẹ dákun, mo parọ́ fún yín." Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: èso láti Ṣáínà, fùláwà láti Yúróòpù, orúkọ tí kò sẹ́ni tí ó mọ orísun rẹ̀. Mo ní ohun tí ó ti Áfíríkà wá nínú rẹ̀ ni ọwọ́ àwọn ìyá yín, n kò sì lè sọ pé ọwọ́ Yorùbá ni. Mo wá sọ ìtàn Kossola fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, "Ó jẹ píìṣì náà dáadáa?" Mo ní, "Ó jẹ ẹ́ dáadáa, Màmá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn yóò tún un sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n kí n má retí kí gbogbo ènìyàn gbà.

Píìṣì kò sí ní ọjà wa, ṣùgbọ́n bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Máńgòrò ni mo ń lò nílé ní àsìkò rẹ̀. Mo máa ń dín ṣúgà kù, nítorí ó dùn ju píìṣì lọ. Bí àwọn ọmọ mi bá bi mí léèrè ẹni tí ó kọ́ mi, mo máa ń dárúkọ Màmá. Wọ́n ní kí n má kọ orúkọ àwọn síta, mo sì gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé ìdáná ilé mi, lókè ojú ewé kọ́bùlà, pẹ̀lú ìwọ̀n ṣúgà àti ti bọ́tà bí wọ́n ṣe fi ẹnu ara wọn sọ ọ́.

Ẹ̀yin náà, ọwọ́ ta ni ó kọ́ yín ní ọbẹ̀ tí ẹ ń sè? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ire o.