Ṣakabùlà àti Ìbọn Ìléwọ́ Ẹlẹ́tù

Ìbọn ẹlẹ́tù ni ìbọn tí wọ́n ń da ẹ̀tù dúdú sí lọ́tọ̀, tí wọ́n ń ki ọta sí lọ́tọ̀. Èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá ni ṣakabùlà, ìbọn gígùn àwọn ọdẹ. Ìbátan rẹ̀ kúkúrú ni ìbọn ìléwọ́ alágbàá yíyí, oníhò márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí Samuel Colt ọmọ Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1836.

Ìtàn

Gẹ́gẹ́ bí Àlùfáà Samuel Johnson ti kọ ọ́, ogun Òwu, tí Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú pawọ́ pọ̀ jà, ni ìbọn ti kọ́kọ́ fakọ yọ láàárín àwọn Yorùbá. Àwọn Ìjẹ̀bú tó sún mọ́ òkun ló ń rí i rà lọ́wọ́ òyìnbó; àgèdèǹgbé ni Òwu fi kò wọ́n lójú. Nígbà ogun Kírìjì (1877–1893), ọwọ́ Èkìtìparapọ̀ ti tẹ ìbọn tuntun tí wọ́n ń kì láti ìdí. Àdéhùn Brussels ti 1890 dènà irú èyí nílẹ̀ Áfíríkà, ó sì fàyè gba ìbọn olókùúta àti ẹ̀tù ọjà. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ṣakabùlà pẹ́ lọ́wọ́ ọdẹ.

Kíkì àti yíyìn

Ọdẹ á fi ìdí ìbọn lélẹ̀, á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á fi ìhá ẹyìn tàbí àkísà dí i, á wá fi ọ̀pá gún un kó le. Ọta ló kàn, àti àkísà mìíràn kó má baà yọ̀ jáde. Ẹ̀tù ṣínńṣín á kù fún ihò ẹ̀gbẹ́ ìbọn, níbi tí òkúta á ti gbá irin tí iná á ta. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Oògùn abúgbàù tí Alexander Forsyth, àlùfáà ọmọ Scotland, gbé jáde ní 1807 ló ṣínà fún ìdérí bàbà bíńtín tó rọ́pò òkúta.

Ìdérí yìí ni ìbọn Colt ń lò. Ihò kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tù tirẹ̀ àti ọta òjé roboto tó fi díẹ̀ tóbi ju ihò lọ. Bí irin ìtẹ̀ bá ń tì í wọlé, òjé tín-ínrín á bó sílẹ̀ róbótó bí òrùka. Ìgbà náà ni a mọ̀ pé ó há. Wọ́n máa ń fi ọ̀rá bo ojú ihò kí iná ọ̀kan má baà ran èkejì. Ẹ̀tù òde òní kò yẹ ẹ́. Ó lè fọ́ mọ́ ẹni tó mú un lọ́wọ́. Bí wọ́n bá yìn ín tán, omi gbígbóná àti òróró ló kù, torí èérí ẹ̀tù kì í pẹ́ mú irin dógùn-ún.

Òfin

Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1968 ka ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́tù yìí àti àwòṣe rẹ̀ sí ohun àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní òfin tirẹ̀. Ti Nàìjíríà yàtọ̀. Òfin Ìbọn ti 1959 ka gbogbo ìbọn ìléwọ́, àti olókùúta àti onídèérí, mọ́ ìbọn èèwọ̀ tí Ààrẹ nìkan lè fọwọ́ sí. Ṣakabùlà wà ní ìsọ̀rí mìíràn, ìwé àṣẹ ni ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ̀tù kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ, àmọ́ èyí tó ṣeé fi pamọ́ sábẹ́ agbádá ni òfin kọ̀.