Àsìkò Ló Ń Ṣí I, Èèyàn Ló Ń Tì Í: Ìtàn Kọ́ńtírì Kílọ́ọ̀bù ní Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1882, àwọn olówó kan ní Boston pawọ́ pọ̀, wọ́n háyà ilẹ̀ eré ẹṣin kan ní Brookline, ìlú tó fara ti Boston. Ohun tí wọ́n ń wá kò ju ibi tí wọ́n á ti máa gun ẹṣin, tí wọ́n á ti máa jẹun ọ̀sán pẹ̀lú aya àti ọmọ, tí wọ́n á sì rí yàrá sùn sí bí ilẹ̀ bá ṣú. J. Murray Forbes ló ṣáájú wọn. Wọ́n pe ẹgbẹ́ náà ní The Country Club, òun sì ni ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí ìyá gbogbo kọ́ńtírì kílọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà.

Kì í ṣe pé kò sí kílọ́ọ̀bù ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin olówó ti ní ilé ẹgbẹ́ láàrin ìgboro New York àti Boston, bíi ti London, níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn, tí wọ́n ti ń ta káàdì, tí wọ́n sì ti ń mutí. Obìnrin kì í sábà débẹ̀, ká má tíì sọ ọmọdé. Òjò ìbáà rọ̀, yìnyín ìbáà bọ́, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú ilé yẹn láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Ti Brookline yàtọ̀: tọkọtaya tọmọtọmọ ló ń wá, ìta gbangba sì ni eré wà. Ojú ọjọ́ wá di ọ̀gá ẹgbẹ́. Ìdí nìyí tí ìròyìn àsìkò fi jẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ irú kílọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ lógún, yálà wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pélébé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé, tàbí, bó ṣe rí báyìí, ó wọlé lórí ímeèlì. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ohun tó ṣí àti ohun tó tì.

Ní ìhà àríwá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, ọdún kílọ́ọ̀bù kì í bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní. Ìgbà tí yìnyín bá yọ́ tán, tí ilẹ̀ sì gbẹ débi tí ẹsẹ̀ kò fi ní rì mọ́, ló ń bẹ̀rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, láti ìgbà ìrúwé sí ìgbà ìwọ́wé nìkan ni wọ́n ń ka àmì tí èèyàn gbá ní gọ́ọ̀fù mọ́ ọn lára, láti fi mọ ipò tó wà nínú eré náà. Èyí tó bá gbá níbẹ̀ nínú òtútù lẹ́yìn ìyẹn kò sí nínú ìṣirò, nítorí orí ilẹ̀ tó dì, bọ́ọ̀lù kì í rìn bó ṣe yẹ. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ Memorial Day, tó jẹ́ Mọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù karùn-ún, ni ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀bù ń ṣí odò ìwẹ̀ wọn. Tó bá di Labor Day, Mọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án, wọ́n á tì í. Àárín méjèèjì ni ìdíje tẹníìsì, ẹ̀kọ́ ìwẹ̀ àwọn ọmọdé àti àríyá ọjọ́ òmìnira, July 4, ń há sí.

Koríko ló máa ń fa awuyewuye jù. Tí ooru bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn olùtọ́jú pápá á gbé ẹ̀rọ jáde, wọ́n á lu ihò wẹ́wẹ́ sí ojú ilẹ̀ tó yí ihò gọ́ọ̀fù ká, wọ́n á sì da iyanrìn sí i. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ láti ìgbà ìrúwé ti le gbagidi. Afẹ́fẹ́ kò dé gbòǹgbò koríko mọ́, omi kò sì ráyè wọlé. Ọmọ ẹgbẹ́ tó san owó gọbọi á dé ní òwúrọ̀ Sátidé, á bá ilẹ̀ tó dà bí ìdí ajere, bọ́ọ̀lù rẹ̀ á sì máa ta gbọ́n-ọ́n gbọ́n-ọ́n kiri. Bí ìròyìn kò bá ti dé ọwọ́ rẹ̀ ṣáájú, ariwo ta nìyẹn. Òwúrọ̀ ìgbà ìwọ́wé tún ní tirẹ̀. Bí ìrì dídì bá bo pápá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ títí oòrùn á fi yọ́ ọ. Omi inú ewé koríko ti dì nígbà náà, ẹsẹ̀ tó bá gun un á fọ́ ọ, ojú ẹsẹ̀ náà á sì hàn níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Àwọn tó ń jí ní ìdájí lọ wo koríko kí wọ́n tó pinnu bóyá kí géètì ṣí, orúkọ wọn ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń kọ nípa ara wọn. Ó dùn mí, nítorí ọwọ́ wọn ni ọdún náà wà.

Òtútù gan-an kò lé àwọn ará Brookline lọ sílé. Wọ́n ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí omi dídì, wọ́n sì ń ṣe curling, eré àwọn ará Scotland tí wọ́n ti ń ti òkúta bìrìkìtì yọ̀ lọ síbi àmì. Ní ọdún 1928, James Cogswell àti Fessenden Blanchard kan pákó pọ̀ ní Scarsdale, ní ìpínlẹ̀ New York, kí wọ́n lè rí eré ṣe nígbà òtútù. Ibẹ̀ ni platform tennis ti jáde: pákó náà ga kúrò nílẹ̀, wáyà yí i ká, bọ́ọ̀lù tó bá sì ta padà lára wáyà ṣeé gbá. Nígbà tó yá, wọ́n fi ẹ̀rọ agbóná sí abẹ́ pákó kí yìnyín lè máa yọ́. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù tí ìròyìn kílọ́ọ̀bù máa ń gbẹ ṣe wá kún fún ìdíje.

Gọ́ọ̀fù kọ́ ni wọ́n dá The Country Club sílẹ̀ fún. Ọdún kọkànlá, ní 1893, ni Laurence Curtis àti àwọn méjì mìíràn tó wọn ilẹ̀, tí wọ́n sì gbẹ́ ihò mẹ́fà péré. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi eré náà han àwọn ènìyàn, ẹnì kan nínú ìdílé Hunnewell gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó bọ́ sínú ihò. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó máa rí. Àwọn ẹlẹ́ṣin kò fẹ́ràn àlejò yìí, nítorí ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà ni bọ́ọ̀lù ń fò kọjá. Àmọ́ ní December 1894, The Country Club ti wà lára ẹgbẹ́ márùn-ún tó dá àjọ gọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí USGA lónìí. Àwọn mẹ́rin yòókù ni Newport, Shinnecock Hills, St. Andrew's ti Yonkers, àti Chicago Golf Club.

Ọdún 1913 ló gbé orúkọ Brookline dé ẹnu mẹ̀kúnnù. Wọ́n ti fẹ́ ṣe ìdíje U.S. Open ní oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n wọ́n sún un sí oṣù kẹsàn-án kí Harry Vardon àti Ted Ray, ògbóǹtarìgì méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lè ráyè wá. Francis Ouimet, ọmọ ogún ọdún, ló bá wọn fà á. Ilé bàbá rẹ̀ wà ní òdì kejì títì sí pápá náà. Ó ti ṣe kádì níbẹ̀ rí, ìyẹn ni pé òun ló ń gbé àpò igi gọ́ọ̀fù tẹ̀ lé àwọn olówó. Eddie Lowery, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló gbé àpò tirẹ̀ náà. Ouimet, Vardon àti Ray parí pẹ̀lú àmì 304, wọ́n sì tún un gbá ní ọjọ́ kejì lórí ilẹ̀ tí òjò ti mu yó. Ouimet ló borí: ó gbá 72, Vardon 77, Ray 78. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti gbà pé ọmọ òṣìṣẹ́ lè gbá eré yìí.

Ọmọ òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun ni o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí John Shippen ní ọdún mẹ́tàdínlógún ṣáájú jẹ́ ká mọ ìyókù. Shinnecock Hills, ní Southampton ní Long Island, gbẹ́ pápá rẹ̀ ní 1891 lórí ilẹ̀ tó ti jẹ́ ti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Shinnecock rí, àwọn ọkùnrin ìbílẹ̀ náà ló sì fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Shippen jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run aláwọ̀ dúdú láàrin wọn. Ọmọ náà kọ́ eré lórí pápá tó bá wọn ṣe. Nígbà tí U.S. Open wá síbẹ̀ ní 1896, Shippen, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àti Oscar Bunn, ọmọ Shinnecock, forúkọ sílẹ̀. Àwọn kan lára àwọn tó ń fi eré náà jẹun fàáké kọ́rí pé àwọn kò ní bá wọn gbá. Theodore Havemeyer, ààrẹ USGA, dá wọn lóhùn pé ìdíje á wáyé bó bá tiẹ̀ ku Shippen àti Bunn nìkan. Wọ́n padà gbá a. Shippen parí láàrin àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì mọ́kànlá ni ihò kẹtàlá nìkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí ilẹ̀kùn ti ṣí láti ìgbà náà. Kò ṣí. Ẹgbẹ́ PGA, tó jẹ́ ti àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ṣe, kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè wọlé, kò sì fa gbólóhùn yẹn yọ títí di 1961.

Augusta National, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ni àsìkò àti ilẹ̀kùn títì ti pàdé jù lọ. Bobby Jones àti Clifford Roberts dá a sílẹ̀ lórí oko òdòdó àti igi eléso kan, wọ́n sì ṣí i ní ìgbà òtútù 1932 sí 1933. Fún àwọn tó ń sá yìnyín ìhà àríwá ni wọ́n ṣe é, nítorí náà ọdún rẹ̀ kẹ̀yìn sí ti Brookline: ó ń tì nígbà ooru, ó sì ń ṣí ní oṣù kẹwàá. Kó tó ṣí, wọ́n á fọ́n irúgbìn koríko tó fẹ́ràn òtútù lé orí èyí tó fẹ́ràn ooru. Ibẹ̀ ni àwọ̀ ewé tí gbogbo ayé ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà ìdíje Masters ti ń wá. Lọ́dún 1943 sí 1945, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò sí ìdíje. Màlúù àti tòlótòló ni wọ́n kó sórí pápá náà. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń ṣe kádì, ọ̀dọ̀ wọn nìkan sì ni òṣèré gbọ́dọ̀ ti mú títí di 1983. Ṣùgbọ́n ọdún 1975 ni Lee Elder di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá Masters, 1990 ni ẹgbẹ́ náà gba Ron Townsend, ọmọ ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́. Obìnrin dúró di 2012, nígbà tí wọ́n gba Condoleezza Rice àti Darla Moore.

Owó ló sún ọ̀pọ̀ nínú àyípadà yìí. Ní 1976, òfin Amẹ́ríkà sọ pé ẹgbẹ́ tó bá kọ ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà sínú ìwé rẹ̀ kò ní bọ́ lọ́wọ́ owó orí mọ́. Ní 1990, olùdásílẹ̀ Shoal Creek ní Alabama sọ fún oníròyìn pé ẹgbẹ́ òun kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá mú òun gba aláwọ̀ dúdú. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kó ìpolówó wọn kúrò nínú ìdíje tó fẹ́ wáyé níbẹ̀, àwọn àjọ gọ́ọ̀fù sì ṣe òfin pé ẹgbẹ́ tó bá ṣe irú rẹ̀ kò ní gbàlejò ìdíje wọn mọ́.

Àwọn kan wà tí kò dúró de òfin kankan, tiwọn ni mo sì fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí. Ní 1921, àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú ra kílọ́ọ̀bù kan ní Scotch Plains, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, wọ́n sì sọ ọ́ di Shady Rest. Ihò mẹ́sàn-án ló ní, pẹ̀lú tẹníìsì, ẹṣin gígùn àti gbọ̀ngàn ijó. Níbẹ̀ ni dókítà, olùkọ́ àti agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú ti ń kó ìdílé wọn wá ní òpin ọ̀sẹ̀ ìgbà ooru, láìsí ẹni tó máa dá wọn padà ní géètì. Duke Ellington àti Count Basie ṣeré orin níbẹ̀, Ella Fitzgerald kọrin, W.E.B. Du Bois sọ̀rọ̀, Althea Gibson sì gbá tẹníìsì. Ibẹ̀ náà ni John Shippen padà sinmi lé: láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ló ti jẹ́ olùkọ́ gọ́ọ̀fù àti olùtọ́jú pápá wọn, títí di 1964. Owó orí tí wọn kò rí san ló mú kí ìjọba ìlú gba ilẹ̀ náà ní 1938, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ń bá a lọ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lónìí Scotch Hills ni wọ́n ń pè é, ẹnikẹ́ni tó bá sanwó lè gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀.

Ìlú Èkó mọ ìtàn yìí dáadáa. Ikoyi Club, tí ọdún ìdásílẹ̀ rẹ̀, 1938, ṣì wà nínú orúkọ rẹ̀, Òyìnbó ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ní 1943, Island Club dìde, dúdú àti funfun jọ wà níbẹ̀, Adeyemo Alakija ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Yìnyín kò sí ní tiwa, ṣùgbọ́n ẹ̀rùn àti òjò ń pàṣẹ fún pápá gọ́ọ̀fù ilẹ̀ Nàìjíríà náà. Níbi tí koríko kò ti lè la ẹ̀rùn já, iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì ni wọ́n tẹ́ yí ihò ká. Bí ẹgbẹ́ kan bá gbá tán, àwọn kádì á fa irin tàbí pákó lórí rẹ̀ kó lè tẹ́jú fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.